Èéfín Alùpùpù Oníbúrẹ́dì

Ìgbà kẹta rèé tí oníbúrẹ́dì ti alùpùpù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníìkì. Láràárọ̀ tó bá ti ṣáná sí i, èéfín búlúù á tú jáde, á sì bo ẹrù tó dì sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, àwọn oníbàárà ní búrẹ́dì mi ń rùn," ó ní. "Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń po ìyẹ̀fun."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ó mọ àìsàn yìí. Síìlì ni, rọ́bà kékeré tó ń di ọ̀pá fáàfù mú kí ọ́ìlì má baà jò síbi tí iná ti ń jó. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì pẹ́ tó tún fi ya. Ló bá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ó ní ayédèrú ló tà fún òun, ó bú u bí ẹní láyin. Àwa èèyàn ṣáà fẹ́ràn kí ẹ̀bi máa gbé ilé ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ náà kò bú u padà. Ó ní kó yẹ gáìdì wò, ìyẹn ihò irin tí ọ̀pá fáàfù ń gbà lọ sókè sódò. Bí ihò yẹn bá ti jẹ, fáàfù á máa mì nínú rẹ̀, kò sì sí síìlì tí kò ní fà ya.

Bí ẹni pé ọ̀gá ò mọ̀. Òun kì í fi irinṣẹ́ wọn fáàfù. Ìka méjì ló fi ń mì ín, tó sì máa ń dijú. "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni," lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní òun tètè mọ̀ ni, ìka yẹn nìkan lòun ì bá fẹ́.

Ọ̀gá tú orí ẹ́ńjìnnì, ó yọ síìlì tó ti ya, ó dijú, ó mi fáàfù.

"Kò mì," ó ní. "Gáìdì yìí le."

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́. "Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án." Ó mì ín díẹ̀. "Ọ̀gá, ó ń mì."

"Kò mì."

"Ẹ má bínú. Ẹ gbọ́ ọ." Ó gbé e sún mọ́ etí ọ̀gá. Kọ́, kọ́, kọ́.

Ọ̀gá gbà á, ó mì ín fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ gbọ́, ojú rẹ̀ rí i, ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó rántí sàléńsà, páìpù èéfín alùpùpù, tó jó o lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, tó jẹ́ òórùn awọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ̀. Ó ní òtútù ló mú kí ìka òun kú nígbà náà. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ìka yìí lòun fi ń jẹun, kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ níkoríta," ó ní. "Ní kó pààrọ̀ gáìdì. Má jẹ́ kó kàn fi síìlì sí i."

"Ẹ̀yin ò ní ṣe é ni?"

"Rárá."

Oníbúrẹ́dì fi ọ̀rá búrẹ́dì wé orí ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé e lọ. Ìyàwó ọ̀gá yọ sí i, aṣọ tó ń rán ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Bàbá wọn, iṣẹ́ wá bá yín, ẹ lé e lọ?"

Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó dijú.

"Fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó o bá gún, màá sọ."

Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi èémí ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ó ní.

"Mo ti gún márààrún," ni obìnrin náà wí.