Ẹni Inú Omi Tí A Lọ Wádìí ní Yapei

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwa mẹ́ta ti dúró sẹ́nu géètì Alhaji Gàníyù ní Choggu, àdúgbò kan ní Tamale, a fẹ́ lọ wádìí àna. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọmọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ ọmọ yín, ẹ óò rán ènìyàn lọ sí àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n fi ọgbọ́n bèèrè bóyá wọ́n ń ya wèrè nílé náà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ìyá ọkọ a máa lé ìyàwó. Àwa Yorùbá tí wọ́n bí sí Tamale kò fi àṣà yìí sílẹ̀. A lè gbàgbé oríkì wa, a lè máa fi Hausa bú ara wa, ṣùgbọ́n a kì í fi ìwádìí ṣeré. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú tiwa ni pé kì í ṣe ẹbí ọkọ gan-an ni a fẹ́ wádìí. Obìnrin kan tí ń gbé inú odò ni, tí irun rẹ̀ dé ìbàdí, tí ó sì ní ìrù ẹja.

Fóònù ló fà á. Sẹ̀kínátù, ọmọ Alhaji, nọ́ọ̀sì ni. Ó fẹ́ fẹ́ Múmúní, ọmọ Gonja kan tí ń ṣe tíṣà ní Yapei, ìlú etí odò Fóltà Funfun, lójú títì tí ó lọ sí Kumasi. A ti gba obì wọn, a sì ti dá ọjọ́ tí a óò so yìgì. Ni fídíò kan bá wọ fóònù Alhaji: obìnrin onírù ẹja kan nà gbalaja sórí iyanrìn, àwọn ènìyàn ń pariwo lé e lórí ní èdè tí ó jọ ti Ṣáínà. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Yapei ni wọ́n ti mú un. Alhaji, tí kì í gba sídì mẹ́wàá lọ́wọ́ oníbàárà láì kọ́kọ́ gbé e sókè wò nínú oòrùn, gba obìnrin onírù ẹja wọlé láì bèèrè ìbéèrè kan.

“Mi ò lè fi ọmọ mi fún ọkọ tí omi jẹ́ lándílọ́ọ̀dù rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ lọ wò ó. Bí nǹkan náà bá wà níbẹ̀, màá dá obì wọn padà.”

Sẹ̀kínátù tẹ̀lé mi jáde. “Ẹ̀gbọ́n Mùftáù, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín. Ẹ má lọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ayé mi lẹ gbé dání lọ yẹn.”

Mo ṣèlérí fún un. Tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é, títí tí mo fi wo àwọn tí a jọ ń lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Ìyá Gurugu, ẹ̀gbọ́n Alhaji, tí gbogbo wa fi àdúgbò rẹ̀ pè. Kò sí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí tí Ìyá Gurugu kò gbà gbọ́. Ẹnì kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Akínládé, ọ̀rẹ́ Alhaji, tí ó ti Ìbàdàn wá síṣẹ́ ọ́fíìsì kan, tí ó ń gbé ní Kalpohin. A kò mọ iṣẹ́ náà pàtó, ṣùgbọ́n báàjì rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó ní òun kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tí ó bá ní ẹ̀rí. Ẹnì kẹta ni èmi, tí mo kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì. Láti ìgbà tí mo ti jáde, ohun kan ṣoṣo tí ìwé náà ṣe fún ẹbí ni pé èmi ni wọ́n ń pè bí adìẹ bá ń ṣàìsàn.

A wọ yẹ́lò-yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta aláwọ̀ òféèfèé, dé ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ra kókò àti kósé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín: ògì àti àkàrà ni. Wọ́n kàn máa ń da ata àti atalẹ̀ sínú ògì tiwọn ni, wọn a sì dì í sínú ọ̀rá, ẹ óò fi eyín já etí ọ̀rá náà, ẹ óò máa fà á mu bí ọmọ ọwọ́. Ìyá Gurugu mu méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Tòrótòró, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré, gba sídì márùndínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì gbéra títí ó fi kún. Ọyẹ́ mú. Eruku bo àwọn igi òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilẹ̀ tí wọ́n ti dáná sun dúdú lọ súà. Akínládé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí a tó jáde ní ìlú: ó ní àìlajú ló ń dá àwọn ẹbọra sílẹ̀, pé ní ọ̀rúndún yìí ojú a máa ti òun fún wa.

Ìyá Gurugu kọ ojú sí mi. “Ìwọ tí o kàwé ẹranko, ṣé wọ́n kọ́ yín nípa obìnrin inú omi?”

“Rárá, mà.”

“Ìwé yẹn ò pé nìyẹn.”

Mo sọ fún un pé ẹranko kan wà nínú omi lápá gúúsù, ó tóbi tó màlúù, koríko ni ó ń jẹ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Pé àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ rí irú rẹ̀, wọ́n pè é ní obìnrin. Mo ní bí ó bá rí i, yóò mọ̀ pé àwọn atukọ̀ náà ti pẹ́ kúrò nílé.

Awakọ̀, tí ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, fi Hausa dá sí i. “Mámí wọ́tà? Ó wà. Ṣùgbọ́n kì í wọ ọkọ̀ mi. Ẹja ò lápò, níbo ni yóò ti mú owó ọkọ̀?”

A sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá afárá Yapei. Omi ti fà, iyanrìn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi dojú bolẹ̀ létí rẹ̀. Ìyá Múmúní jáde pàdé wa, ó ń sọ pé “Sannu da zuwa,” èyí tí í ṣe ẹ káàbọ̀ ní Hausa. Ó lóṣòó kí wa, ó bèèrè ara ilé, ara ọ̀nà, iṣẹ́, oorun, títí ó fi dé orí àwọn ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé tùwó kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé olùwádìí kì í jẹun nílé tí ó ń wádìí: ẹnu tí ó bá jẹ, kò lè sọ̀rọ̀ ibi mọ́. Ìyá Gurugu ní òun gba ààwẹ̀. Ìyókù kókò wà létè rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọgbọ́n bèèrè.

“Omi yín yìí jinlẹ̀ o. Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ẹja.”

“Ẹja nìkan?”

“Ọ̀nì a máa wá nígbà òjò.”

“Èyí tí ó nírun ńkọ́?”

Ìyá Múmúní wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Kí ó tó dáhùn, Múmúní kígbe pè wá láti ẹ̀yìn ilé.

Níbi tí omi ti gbẹ lẹ́yìn ilé wọn ni ó ti ń wa amọ̀, tí ó ń ṣe bíríkì yàrá tí Sẹ̀kínátù yóò máa gbé. Amọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ọkọ́ rẹ̀ ti la ògúlùtu kan sí méjì, ẹja kan sì wà nínú rẹ̀, ó ká jọ, ó fi ìrù bo ojú bí ẹni tí ó fi aṣọ borí nítorí ọyẹ́. Múmúní gbé e sínú báàfù omi. Kò mira. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbé ẹnu sókè kúrò nínú omi, ó sì mí: hàà! Bí bàbá arúgbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti yàwòrán rẹ̀ rí nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì, ṣùgbọ́n a kò tíì fojú kanra. Ẹja tí ó ní ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí omi bá gbẹ, yóò gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, yóò sùn títí òjò yóò fi dé. Mo fi èdè Látìnì kígbe orúkọ rẹ̀.

“Irọ́!” Ìyá Gurugu pariwo. “Ẹja nínú ilẹ̀ gbígbẹ? Ẹ ti fi í síbẹ̀ kí a tó dé ni!” Ìyá tí kò bèèrè ìpẹ́ ẹyọ kan lára obìnrin inú fóònù ló ń fi ìka tẹ ẹja yìí lórí, tí ó sì ń ní kò sí.

Akínládé ní tirẹ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. “Bí ẹja bá lè gbé inú ilẹ̀,” ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “kí ni kò ní jẹ́ kí obìnrin gbé inú omi? A ò lè sọ pé kò sí mọ́. Ó yẹ kí a ṣe ìwádìí ńlá, kí a wá àwọn tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́.” Ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́ nínú tòrótòró ti gba gbogbo nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹja yìí jẹ́rìí fún ara rẹ̀ nìkan,” ni mo wí. “Kò mọ obìnrin kankan.”

Múmúní gbọ́. Ó ti lóye ohun tí a bá wá. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ó dé ibi tí ó ń lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí fídíò yẹn ni? Ẹ fẹ́ dá obì wa padà?”

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

“Tò,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ó ti bọ́ síta. Àwa náà ti wádìí yín ní Choggu. Wọ́n ní Alhaji àbúrò yín ní ejò kan nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń pọ owó. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá.”

Gèlè Ìyá Gurugu fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. “Àwa? Ejò? Wàláhì, ta ló rí i?”

“Ta ló rí obìnrin inú omi wa?”

Ẹja tún mí: hàà!

“Kí lẹ wá ṣe sí ọ̀rọ̀ ejò náà?” ni mo bèèrè.

“A dúró títí ẹ fi dé, a wo ohun tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ejò tí ń pọ owó kì í wọ tòrótòró.”

Ìyá Gurugu ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Akínládé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń bèèrè bí ejò náà ṣe gùn tó. Ìyá Gurugu padà sínú ilé, ó fọwọ́, ó fa abọ́ tùwó mọ́ra, ó sì ṣínu ààwẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ojú Múmúní tàn. Ó mọ àṣà wa ju bí mo ṣe rò lọ.

Wọ́n fi ẹja náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wa, ó sì gba ẹsẹ̀ mi ní gbogbo ọ̀nà. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé Choggu. Alhaji wà lórí ìjókòó níwájú ilé, Sẹ̀kínátù dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ṣé ẹ rí i?”

Akínládé húkọ́ díẹ̀. “Alhaji, ní ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, a ò lè sọ pé kò—”

“Gàníyù, a rí i,” ni Ìyá Gurugu wí, ó sì ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì. “Òun nìyí.”

Ẹja gbé ẹnu sókè: hàà! Alhaji fò dìde, bàtà rẹ̀ kan dúró síbi tí ó wà.

“Inú ilẹ̀ gbígbẹ lèyí ń sùn ní Yapei,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Kò kú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣé ọmọ tìẹ ni kò ní lè gbé níbẹ̀? Mo ti jẹun wọn.”

Alhaji sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹja náà lọ, ó wò ó bọ̀. “Kò mà nírun,” ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a so yìgì. Sẹ̀kínátù ké yè é. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́, ó ti yọ fóònù, ó ń ya fídíò.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ayé kún fún ohun ìyanu tí ènìyàn lè fi ọkọ́ wà jáde, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ ránṣẹ́ ló yá wa lára láti gbà. Bí mo bá ń ṣiyèméjì, ìpè tí ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì mú un kúrò. Ìyá Múmúní ni.

“Ìyá Gurugu, sannu. Wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ẹbọra kan tí ń mí bí ènìyàn hù láti inú ilẹ̀ nílé Alhaji ní Choggu. Ṣé kí a máa bọ̀ wá wádìí?”

“Ẹ máa bọ̀,” ni Ìyá Gurugu dáhùn, ó ń ro ọbẹ̀ ẹja lórí iná. “Ẹ má gba ààwẹ̀ o. Ó ti ń jinná.”