Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ Tí Wọ́n Fi Gba Ìta Wa

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ mi ní Sùúrùlérè yìí. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé àwa fúnra wa la fi ìta wa tọrẹ. A kò fi tọrẹ. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, òfì híhun sì ni iṣẹ́ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá wo ahunṣọ rí lè má mọ̀ pé iṣẹ́ wa kò ṣeé ṣe nínú yàrá. Òwú tí a fẹ́ hun gbọ́dọ̀ nà sílẹ̀ gbọọrọ níwájú wa, kí òkúta wà ní ìkángun rẹ̀ tí yóò máa fà á le. Bí a ti ń hun ún, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ìta, kò sí aṣọ.

Ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tó lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ìta tiwa wà. Kì í ṣe àwa nìkan là ń lò ó o. Àwọn obìnrin ń sá aṣọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ti ń kírun ọdún. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ rí pé tòun nìkan ni.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìta náà, inú wa dùn. Kí ni ìbá bà wá nínú jẹ́? Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ yóò ra aṣọ. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, ni ògbifọ̀ fún òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Lọ́rì kan náà ni èmi àti Làmídì wọ̀ wá sí Èkó. Yàrá mi ló ń sùn ní gbogbo ìgbà tó fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Yábàá, tó ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ kan, òyìnbó náà rìn wá sọ́dọ̀ wa, Làmídì sì tẹ̀ lé e. Bàbá Àlímì, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, dìde lórí òfì láti kí wọn. Òyìnbó sọ̀rọ̀, Làmídì yí i sí Yorùbá pé ó ń béèrè ẹni tó ni ìta yìí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn. Bí ẹni ọ̀wọ̀ bá dúró níwájú ilé rẹ, tó béèrè pé ta ló ni ín, ṣé wàá na àyà pé ìwọ ni? Bàbá ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ni ín, sà."

Làmídì wo Bàbá, ó wò mí, ó wá kọjú sí òyìnbó, ó sọ gẹ̀ẹ́sì ṣókí. Òyìnbó na ọwọ́, Bàbá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá ń sọ fún wa pé òyìnbó yìí mọ àgbà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n kó òpó irin àti wáyà dé láti fi sé ìta náà mọ́. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún wa pé ọgbà òdòdó àwọn ará pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi ìta náà ṣe. A bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹnu ya ọ̀gá náà, ó ní, "Ṣebí bàbá yín náà ló ní kí wọ́n máa mú un?"

A gba ọ́fíìsì òyìnbó náà lọ. Làmídì kò sí níbẹ̀, akọ̀wé kan ló bá wa túmọ̀. Òyìnbó ní òun kò jalè. Òun béèrè lójú gbogbo wa, àgbà wa sì dáhùn pé òun òyìnbó ló ni ín. A ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni. Ó ní bí ògbifọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà bá lè wá sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, òun yóò dá iṣẹ́ wáyà náà dúró.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti rọrùn? Ẹnu Làmídì ló kù.

A bá a nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun náà, ní àjà kejì, níbi tí wọ́n ti fún un ní yàrá méjì. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó sì gbé àga fún Bàbá.

Bàbá ní, "Làmídì ọmọ mi, ṣé o kò mọ̀ pé mo kàn bọ̀wọ̀ fún un ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ ni mo sọ. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀."

Èmi dá sí i. "Nígbà tí o wá bá mi gbé, tí mo ní ìwọ lo ni yàrá mi, kí ló dé tí o kò lé mi jáde?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ó yára bo ẹnu. Làmídì kò rẹ́rìn-ín. "Ràájí, wọn ò gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa túmọ̀ inú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ń túmọ̀."

Mo ní kó wá sọ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lòun túmọ̀, pé inú Bàbá yàtọ̀. Ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní òun kò mọ iṣẹ́ òun, wọn yóò sì gba yàrá lọ́wọ́ òun. "Ẹ̀yin lè rí ìta mìíràn. Èmi ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí sí. Ká ní ó ṣèèṣì ni, ǹ bá ti dárí jì í kí a tó jókòó. Ó mọ̀. Bó ṣe ń wò mí lọ́jọ́ náà, ó mọ̀.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Yésúfù, ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ, ní, "Bàbá, bí òyìnbó bá béèrè ẹni tó ni ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dákẹ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ní, "Ẹnu mi náà ni."

Wọ́n ti parí wáyà náà báyìí. Ẹ̀yìnkùlé tóóró là ń fún ara wa mọ́, òwú kò nà dáadáa, aṣọ sì ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Bàbá kò hun mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò kan béèrè ẹni tó ni àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo ni ín," ni Bàbá wí, ó sì wọlé lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

N kò ní kí wọ́n lé Làmídì níṣẹ́. Ẹ̀tọ́ tí mo ń béèrè kò ju pé kó dúró níwájú òyìnbó náà, kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá bó ṣe yé òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa bá béèrè ẹni tó ni nǹkan, kí a kọ́kọ́ dá a lóhùn, kí a tó bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, bóyá ní Múṣìn tàbí níbòmíràn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ yín gbà padà, ẹ má fi bò fún mi: kí lẹ sọ, tí wọ́n fi gbọ́ yín?