Ọjọ́ Tí Omi Kámpálà Ìyá Mi Mọ́ Gaara

Tí ẹ bá rí i pé mò ń pariwo, ẹ má bínú. Ariwo la fi ń sọ̀rọ̀ ní agboolé wa nísàlẹ̀ Mápó. Ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá ni. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń pa kámpálà lẹ́yìnkùlé, kámpálà náà ló sì rán mi níléèwé títí mo fi di oníkẹ́místìrì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Mọ́gàjí ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sọ pé ìyá mi máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró, èmi ni mo kọ́kọ́ fò dìde.

Bàbá náà ò sì burú. Omi tí ìyá mi fi ń ṣan aṣọ, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, omi gọ́tà sì ti ń jò wọ kàǹga. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mọ́gàjí bu omi àlùwàlá sọ́wọ́, wọ́n rí i pé ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní, "Omi tó ti ní àwọ̀, ṣé ó ṣeé fi ṣàlùwàlá ni?" Wọ́n ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí omi náà ò bá tíì mọ́, ìkòkò kámpálà máa kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi láyè. Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń se fàdákà di hóró tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Tí a bá da hóró yìí sínú omi aláwọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun kan tí í pa àwọ̀ rẹ́, fàdákà náà á mú kí iṣẹ́ yá. Alárinà ni: ó so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ò bá wọn wọlé, ó tún ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Àmọ́ ojú hóró náà nìkan ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, inú rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Tó bá rí róbótó, iṣẹ́ á máa fà. Tó bá ní igun, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti kóró ṣúgà, ìgbà yẹn ni àwọ̀ máa sá. Èmi ò sì rí onígun kankan. Róbótó, róbótó ṣáá! Mo yí iná padà, mo yí bí mo ṣe ń pò ó padà, mo bú ìgò, mo bú NẸ́PÀ. Omi kámpálà kàn ń wò mí ni.

Lásìkò yẹn, ẹ̀rọ tó ń fún wa lómi tó mọ́ níbi iṣẹ́ ti bàjẹ́, ni mo bá lọ ra omi náà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míkà kan ní Bẹẹrẹ. Omi tí kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí pálọ̀ ìyá mi di ọjọ́ kejì. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu omi yìí o." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ́ èròjà fàdákà. Ó yẹ kó mọ́ gaara. Ló bá funfun bí omi ògì! Mo figbe ta. Iyọ̀ nìkan ló máa ń ṣe irú ìyẹn sí fàdákà. Mo gbé fóònù.

"Màámi, kí lẹ ṣe sómi mi?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Kí ló ń ṣiṣẹ́?"

"Sámúsámù mi ni mo bù díẹ̀ sí i. Mo ṣe Bìsìmílàhì, mo ṣàdúà sí i, mo sì dé e padà. O ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún, ẹnikẹ́ni ò mu ún."

Yéè! Omi tí wọ́n gbé láti Mẹ́kà, tí aláìsàn pàápàá kì í rí ju ìdérí ìgò kan gbà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n dà sínú omi mi. Mo pariwo, àwọn náà pariwo, ni mo bá pa fóònù. Inú bí mi débi pé mi ò da nǹkan náà nù. Mo gbé e kaná pé kó máa gbóná lọ, kí n wo ibi tí àdúà náà máa dé.

Funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó mọ́, ó pọ́n rúsúrúsú, ó wá di àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀ tó ń dán, tí mi ò rí rí. Mo kán díẹ̀ sínú omi kámpálà. Kí n tó yíjú padà, àwọ̀ elésè-àlùkò ti ń sá lọ. Mo tún un ṣe, ó tún sá lọ. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n ti bá wa fi ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ohun tíntìntín tóbi lójú wò ó, onígun ni gbogbo wọn, wọ́n tò bíi búlọ́ọ̀kù! Mo jó yí tábìlì po.

Iyọ̀ tó wà nínú omi yẹn ló ń jẹ àwọn hóró tí kò bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó ń fi àwọn tó dúró ire sílẹ̀ kí wọ́n dàgbà di onígun. Látìgbà náà, iyọ̀ lásán ni mò ń wọ̀n sí i. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi.

"Iyọ̀ kẹ̀? Ṣebí iyọ̀ ti wà ní Ọjà'ba tipẹ́. Kí ló dé tí kò bá ọ ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájà."

Òjò ti ń ṣú nígbà tí a pe Mọ́gàjí. Mo ti lẹ fàdákà mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kó má bàa bá omi lọ, mo kó o sínú dùrọ́ọ̀mù tó ní ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀. Gbogbo ilé yí wa ká. Ìyá mi gbé omi kámpálà tó dúdú jù, mo bu ìyẹ̀fun sí i, wọ́n rọra dà á sínú rẹ̀. A dúró. Mo ṣí ẹ̀rọ, omi sì jáde, ó mọ́ gaara. Mo sáré pariwo pé, "Ẹ má mu ún o! Gọ́tà ló ń lọ, a ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa!"

Mọ́gàjí gbọ́n ọn sọ́wọ́, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Kò láwọ̀."

Ni ìyá mi bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì. Mo sáré bá wọn, mo rò pé àìsàn ni.

Wọ́n ní, "Àìsàn kọ́. Ọmọ mi, látọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé, tí mi ò bá pa aṣọ mọ́, ta ni mo jẹ́?"

Gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Àánú wọn ṣe mí, mo di ọwọ́ wọn mú.

Mọ́gàjí gbọn omi ọwọ́ wọn dànù. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, kí lo jókòó sí? Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Dìde, lọ dáná sábẹ́ ìkòkò rẹ."

Ìyá mi dìde. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá mi jà pé kí ni mò ń wò tí mi ò tíì lọ kó igi wá.