Àgbébọ̀ Tí Kò Tètè Dé Likoma

Saulosi Mwase gbé agbọ̀n adìẹ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi Nkhwazi ní èbúté Nkhata Bay bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ó dúró kí wọ́n dá a mọ̀, kí wọ́n sì yà fún un. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wo adìẹ náà, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìsàlẹ̀ ni tiyín. Àwọn àlejò ló ni òkè."

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ nínú ọkọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀ pé ẹ gbé adìẹ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí ọ̀nà."

Ohun tó jẹ́ nínú ọkọ̀ náà kò ju agbáwo lọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, òun ló ń wọ kóòtù funfun, òun ló sì ń lu agogo oúnjẹ fún àwọn tó sanwó yàrá òkè. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ní kó máa wọ ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé. Ó gba ìyẹn bí ẹni gba oyè. Ọkọ̀ náà ti di arúgbó. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi ń bo àṣírí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ yí adágún ká ló háyà rẹ̀ báyìí, àwọn ló sì ń pinnu ibi tí yóò dúró. Saulosi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kàn fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Ní erékùṣù Likoma, wọ́n ń dúró dè é. Temwa, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ ní ọjọ́ Sátidé. Láàárín wọn, arákùnrin ìyá tí wọ́n ń pè ní malume ló ń fi ọmọ fọ́kọ, kì í ṣe bàbá. Ẹbí ọkọ á mú àkùkọ wá, malume á fi àgbébọ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á pààrọ̀ wọn lójú gbogbo èèyàn. Láìsí ìyẹn, kò sí ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ pé tọkọtaya ti bí ọmọ mẹ́wàá. Gomezga tó fẹ́ fẹ́ Temwa ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà ní South Africa. Ìsinmi rẹ̀ ti tán. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni yóò lọ, ó sì fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ dání. Bí kò bá bọ́ sí i, ó di àmọ́dún.

Temwa ti pe Saulosi lórí fóònù láti ọjọ́ Ajé. "Malume, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ. Nkhwazi kì í débi tó ń lọ lásìkò mọ́."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀?"

"Rárá o, Malume. Ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá tètè dé ńkọ́? Ẹ fún Malume Lameki láṣẹ, kí wọ́n dúró fún yín."

Lameki ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Saulosi rẹ́rìn-ín. "Lameki tó ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ tí ewúrẹ́ ń yíjú? Tí mo bá kú, kó gba fìlà mi. Mi ò tíì kú."

Ó pa fóònù. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ràn àtimáa ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé tó ti wó.

Nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó jókòó sáàárín àwọn àpò ẹja gbígbẹ. Obìnrin tó ni àwọn àpò náà, tí wọ́n ń pè ní NyaPhiri, yọjú wo inú agbọ̀n.

"Bàbá, ṣé èyí la máa fi jẹun ọ̀sán?"

"Adìẹ ìyàwó ni."

"Ẹ̀ẹ́n! Ìyàwó wo ló ń dúró de Nkhwazi? Adìẹ yìí á yé, á sàba, á rí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ká tó dé Likoma."

Ẹ̀rín sọ. Saulosi gbé ojú sókè. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ yìí kò já mi kulẹ̀ rí."

Ó yẹ kí wọ́n ti gúnlẹ̀ ní ìdájí Sátidé. Nígbà tí oòrùn yọ, ẹ̀bá erékùṣù Chizumulu ni wọ́n ṣì wà, nítorí pé àwọn àlejò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ tán, ẹ́ńjìnnì kọ̀ kò jí. Likoma wà níwájú, Saulosi ń rí àwọn igi oṣè rẹ̀. Ó gòkè lọ bá ọ̀gákọ̀.

"Ọ̀gá, ẹbí méjì ló ń dúró dè mí lọ́hùn-ún."

"Èmi náà ń dúró, Bàbá. Ẹ lọ bẹ ẹ́ńjìnnì."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni obìnrin tó ń darí àwọn àlejò gbọ́ pé agbáwo àtijọ́ nìyí. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa ń lu agogo? Ẹ wá lù ú fún wa lọ́sàn-án yìí! Àwọn àlejò á fẹ́ràn ẹ̀ gan-an." Ó ní kí wọ́n wá kóòtù funfun kan fún un. Saulosi sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé adìẹ fún NyaPhiri mú, ó sì tún sáré gòkè. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó sáré nìyẹn.

Ó ń fa bọ́tìnnì dé ikùn ni ọkọ̀ igi ẹlẹ́ńjìnnì kan yọ láti Chizumulu, ó fara ti ẹ̀gbẹ́ Nkhwazi. NyaPhiri pariwo láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Bàbá! Àwọn yìí ń lọ sí Likoma o! Wọ́n láyè ẹnì kan! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Ní kí wọ́n ní sùúrù. Kí n lu agogo yìí tán."

"Agogo ni, àbí ìyàwó?"

Saulosi gbá agogo mú. Ó rọra rìn láti orí ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ó ń lu agogo, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán. Àwọn àlejò na fóònù sí i. Ọ̀kan ní òun ò rí i yà dáadáa, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ igi náà ti kéré bí ẹ̀pà lójú omi. NyaPhiri gbé adìẹ lé e lọ́wọ́. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Wọ́n dúró, Bàbá. Wọ́n dúró títí ó fi sú wọn."

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún.

"Malume, oòrùn ti ń lọ. Àwọn ará ọkọ ti fẹ́ dìde. Ṣé ọkọ̀ kankan ò kọjá lọ́dọ̀ yín ni?"

"Kò sí," ni Saulosi wí.

"Ẹ̀mí mi ò gbé e mọ́, Malume. Malume Lameki rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Adìẹ wà nínú àgbàlá. Ẹ ṣáà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wọn gbọ́ pé ẹ gbà."

Saulosi wo kóòtù funfun tí kò tíì bọ́. "A kì í fi fóònù fi ọmọ fọ́kọ."

Nínú fóònù, ó gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lẹ́yìn Temwa: "Kí ni wọ́n wí?" Temwa dáhùn pé, "Wọ́n ní rárá."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Nkhwazi tó dé. Gomezga ti lọ. Àkùkọ náà ti padà sílé àwọn tó ni ín. Ọkọ̀ kékeré gbé Saulosi dé etí omi, Temwa sì wọ inú omi wá pàdé rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ Chizumulu ti sọ fún un nípa bàbá aláṣọ funfun tó ní kí wọ́n ní sùúrù.

Ó kúnlẹ̀ nínú omi bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

"Ẹ kú ewu ọkọ̀, Malume. Ẹ kú iṣẹ́ agogo."

Saulosi la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí adágún, wọ́n lu agogo oúnjẹ nínú Nkhwazi. Orí rẹ̀ yí padà sí ọ̀hún kó tó mọ̀.

Temwa rí i. Ó gba àgbébọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sórí iyanrìn, ó sì gba ilé lọ.