Ìbọn Tó Kọ̀ Tí Kò Dún Nígbà Tí Kùrukùru Bo Òkun

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni mò ń tọ́jú ìbọn ìléwọ́ kékeré tí gbogbo wa ní Ayétòrò fi ń pe àwọn apẹja wálé bí kùrukùru bá bo òkun. Láàárọ̀ yìí, ó bò ó. Ìdòwú nìkan ló kù lójú omi.

Mo yin ìbọn. Kò dún.

Mo kọjú rẹ̀ sómi, mo dúró, bóyá ọta náà kàn pẹ́ kó tó dún ni. Mo yọ ọ́. Àpá díẹ̀ báyìí ló wà létí ìdí rẹ̀, níbi tó yẹ kí irin inú ìbọn ti gbá a. Mo fi òmíràn sí i. Bákan náà ni.

Ìyàwó Ìdòwú dúró tì mí. "Bọ̀dá, kí ló ń ṣe é?"

"Irin inú rẹ̀ kò gbá ọta dáadáa. Ẹ ní sùúrù."

"Ṣé omi máa ní sùúrù fún ọkọ mi?"

Mo tú ìbọn náà. Gírísì ti dì mọ́ iyanrìn nínú ihò irin náà. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo tò ó padà. Ó dún ketekete, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn láti ojú omi.

Nígbà tí kùrukùru ká kúrò, àwọn ará Oríòkè-Ìwàmímọ́, abúlé etíkun kan, fa ọkọ̀ Ìdòwú wá. Òun kò sí nínú rẹ̀.

Èmi ni mo kun ìbọn náà ní gírísì lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí iyọ̀ òkun má baà jẹ ẹ́. Ìyàwó Ìdòwú kò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ irin, ẹ má tù mí nínú. Ṣé èmi ni mo pa á?