Lésà Inú Kúlà

"Ẹ má bínú sà, ẹ gbóná jù."

Ohun tí Bàbá Má-Mí sọ fún ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ ìdánwò ẹ̀rọ nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá lésà, lójú àwọn mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá náà wo aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní, "Èmi?"

"Ẹ̀yin àti àwọn tó kù, sà. Ara ènìyàn méje, ààrò ni. Ẹ dúró síta, kí ẹ máa wò wá lójú gíláàsì." Bó ṣe ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ọkàn Dókítà, obìnrin tó ń darí yàrá náà, já pàà.

Àfojúdi kọ́. Lésà yẹn ni wọ́n fi ń yẹ oògùn wò bóyá ojúlówó ni. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá bà lé oògùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà bó ṣe lọ. Bíńtín péré ló máa ń yí àwọ̀, bíńtín yìí ló sì ń tú àṣírí oògùn. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá móoru díẹ̀, àwọ̀ lésà fúnra rẹ̀ á yẹ̀. Láàárọ̀ ẹ̀rọ á ní oògùn dára. Tó bá di ọ̀sán, á ní ayédèrú ni. Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́: bí ẹ̀rọ bá tún fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, sítọ̀ọ̀ ni yóò wọ̀, wọn yóò sì ti yàrá tí Dókítà fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ pa.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Dókítà," Bàbá Má-Mí ti wí. Òun ló ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì lésà, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀, "Má mí!" ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé kúlà ńlá kan wọlé, irú èyí tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Ó lu ihò mẹ́ta sí i, ó gbé lésà sínú rẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ, ó sì fa rọ́bà omi gba abẹ́ irin náà kó lè máa kó ooru jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ dé.

"Kúlà mi dà?"

"Má mí! Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ yín, ìgbà wo lẹ jẹ́ kí n mí? Ẹ gbé kúlà mi fún mi!"

"Ọjọ́ tí lésà ò bá nílò rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e wálé." Màmá pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n yẹ oògùn kan ṣoṣo wò nígbà mọ́kànlá, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá tí ẹ̀rọ yà bọ́ sórí ara wọn, kò sí èyí tó yẹ̀. Ọ̀gá àgbà, tí òógùn ti bò lẹ́yìn gíláàsì, pàtẹ́wọ́, ó sì kanlẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ṣé mo lè wọlé báyìí?"

"Ẹ kọ́kọ́ tutù ná, sà."

Láti ìgbà náà làwọn onímọ̀ ti ń wá láti yàrá mìíràn, tí wọ́n ń ya àwòrán kúlà. Bàbá á dúró ti ibẹ̀, á na àyà síwájú, á ní, "Owó kọ́ ló mú un dúró, orí pípé ni." Inú Dókítà á máa dùn bí ẹni pé bàbá tó bí i lọ́mọ ló ń fọ́nnu.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, bàbá sùn, kò jí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni lésà tuntun dé, èyí tí ooru kò lè mì. Wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò nínú kúlà. Dókítà rántí ìlérí tí bàbá ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ó nu kúlà mọ́ tónítóní, ó sì ránṣẹ́ pe Màmá.

Màmá wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo ọmọrí, níbi tí ọkọ rẹ̀ fi bírò kọ "MÁ MÍ" sí gàdàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọ̀kan nínú etí kúlà mú, ó wá dá èémí dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ẹ lè mí, Màmá. Lésà ò sí nínú rẹ̀ mọ́."

Ó mi orí. "Bàbá yín ní kí n má mí."

Dókítà náà dá èémí dúró. Ó di etí kejì mú, wọ́n sì jọ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mí.