Ọjọ́ Tí Bíréèkì Já Níwájú Ṣọ́jà

Ọjọ́ tí wọ́n na ìbọn sí èmi àti Bàbá mi ni n kò lè gbàgbé láéláé. Ìjọba ti ti bọ́dà pa nígbà náà. Mẹkáníìkì ti sọ ọ́ títí pé kí Bàbá pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, torí ó ti lé lọ́dún méjì tó ti wà nínú ọkọ̀. Bàbá ní ti Kútọnu nìkan lòun ń lò. Bí bọ́dà bá ṣí, òun á rà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, à ń ti Owódé bọ̀ ní Ìlaró. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, àwọn ṣọ́jà ní ká dúró. Bàbá tẹ bíréèkì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró.

Wọ́n gbé ìbọn sókè.

"Bíréèkì já o!" Bàbá ń pariwo. Mo na ọwọ́ méjèèjì síta fèrèsé, mò ń sunkún, mo sì tọ̀ sára. Bàbá ya wọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ sì dúró gbì.

Ṣọ́jà kan yọjú wò mí, ó rọra sọ ìbọn kalẹ̀. "Bàbá, díẹ̀ báyìí ló kù."

Lọ́jọ́ kejì, bí bọ́dà ṣe wà ní títì náà, Bàbá ra ọ́ìlì bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń tà á látọjọ́ yìí.